Wọ́n Yin Omar, Wọn Ò Rí Michael: Bí Ayé Ṣe Gba Eré The Wire

  Ìtàn eré tẹlifíṣọ̀n kan la fẹ́ sọ lónìí, eré nípa ọ̀daràn, ọlọ́pàá àti oògùn olóró. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé yín dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kí ìjọba tó fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oní-kódíìnì wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, èmi àti àwọn mẹ́ta kan ṣe fíìmù kékeré nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu ún. Ìṣẹ́jú 11 péré ni. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa gbà kí a ya òun. Ó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ bó ṣe jí fóònù ìyá rẹ̀ tà, ó tiẹ̀ sunkún níwájú kámẹ́rà. Lọ́jọ́ tí a gbé e han kíláàsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. A gba A. Lọ́sẹ̀ kejì, mo pàdé ọmọkùnrin yìí níwájú ìsọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Mo ronú títí. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iná tí a lò. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ohùn, nípa bí a ṣe to àwòrán pọ̀. Nípa òun fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn ẹ." Irọ́ ni.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ mú tọ eré tí gbogbo ayé ń yìn yìí lọ. The Wire ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wò ó, mo máa tú díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ síta. Ẹ má bínú o, ó ti lé ní ọdún 15 tó ti parí.

Àwọn tó kọ ọ́

Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2002 ni iléeṣẹ́ HBO gbé ẹ́písóòdù àkọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2008 ni èyí tó kẹ́yìn jáde. Ẹ́písóòdù 60 ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pín in sí apá 5. Ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland ni ìtàn náà ti wáyé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yà á. Ìlú èbúté ni, kò jìnnà sí Washington. Iṣẹ́ èbúté àti iléeṣẹ́ irin ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀nyẹn ń lọ, heroin àti kokéènì gba ìkóríta ọ̀pọ̀ àdúgbò.

David Simon tó dá eré náà sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Hollywood. Akọ̀ròyìn ni. Ó ju ọdún 10 lọ tó fi kọ ìròyìn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn fún ìwé ìròyìn Baltimore Sun. Ed Burns tí wọ́n jọ ṣe é jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Baltimore kan náà, kó tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó sì lọ di olùkọ́. Nítorí náà, àwọn méjèèjì mọ ojú títì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí The Wire tó dé, wọ́n ti kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní The Corner, tó jáde lọ́dún 1997. Wọ́n lọ jókòó ti ìkóríta kan ní ìwọ̀ oòrùn Baltimore fún ọdún kan gbáko, wọ́n ń wo ìdílé kan tí oògùn olóró ti di bárakú fún bàbá àti ìyá. Èèyàn gidi ni wọ́n, orúkọ gidi sì ni ìwé náà lò. HBO sọ ọ́ di eré ẹ́písóòdù 6 lọ́dún 2000, Charles S. Dutton ló darí rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy mẹ́ta. Emmy yìí ni àmì-ẹ̀yẹ tó lókìkí jù nídìí eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó máa yà yín lẹ́nu láìpẹ́.

Àwọn lámèyítọ́ àti àmì-ẹ̀yẹ tí kò wá

The Wire kò dà bí eré ọlọ́pàá tí àwọn èèyàn mọ̀ nígbà yẹn. Nínú àwọn yẹn, wọ́n á pa èèyàn kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá ẹ̀rí, ọwọ́ á tẹ ọ̀daràn kí wákàtí kan tó pé, a óò sì lọ sùn. The Wire ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló gba gbogbo apá kìíní. Àwọn ọmọ ìkóríta ń sọ èdè tiwọn, ẹnikẹ́ni ò sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ. Ọlọ́pàá ń hùwà bí oníṣòwò, oníṣòwò oògùn olóró ń ṣèpàdé bí ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè dáhùn WhatsApp, ó ti sọnù sójú ọ̀nà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ eré wò kí wọ́n sì sọ bó ṣe rí fún wa, fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn òǹwòran kò pọ̀. Lẹ́yìn apá kẹta, díẹ̀ ló kù kí HBO pa eré náà tì.

Ọdún 2006 ni nǹkan yí padà. Apá kẹrin gbé wa lọ sí iléèwé, ó mú ọmọkùnrin mẹ́rin, ó sì fi hàn wá bí ìkóríta ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ olùkọ́. HBO fi gbogbo ẹ́písóòdù 13 ránṣẹ́ sí àwọn lámèyítọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó jáde, kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ohùn wọn ṣọ̀kan. Jacob Weisberg kọ ọ́ nínú Slate lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn pé kò sí eré tó dára tó o rí lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn ẹlẹ́rù nì, sọ nínú Entertainment Weekly pé bóyá ni ọ̀daràn obìnrin kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tó dẹ́rù bani tó Snoop. Ẹ rántí pé ọmọ Baltimore gidi ni Felicia Pearson tó ṣe Snoop, ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kó tó di òṣèré.

Emmy ńkọ́? Láàárín ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n yan eré náà mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ, lọ́dún 2005 àti 2008, méjèèjì fún ìwé kíkọ. Kò gba ọ̀kan. Wọn ò yan òṣèré kan ṣoṣo nínú rẹ̀ rí, pẹ̀lú gbogbo bí Idris Elba ṣe ṣe Stringer Bell. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á: eré náà jìnnà sí Hollywood, ó ṣòroó tẹ̀ lé, dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣèré rẹ̀, wọn ò sì tíì gbajúmọ̀. Èmi rò pé gbogbo rẹ̀ ló lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wá wo nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Apá karùn-ún, tó jáde lọ́dún 2008, gbé fìtílà lọ sínú ilé àwọn oníròyìn fúnra wọn. Ó ṣàfihàn akọ̀ròyìn kan tó ń purọ́ nínú ìròyìn, àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n dijú torí àmì-ẹ̀yẹ. Apá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ lára wọn sọ pé òun ni kò dára tó. Lóòótọ́, ìtàn apànìyàn àtọwọ́dá tó wà nínú rẹ̀ ṣòroó gbà gbọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ó kan ọlọ́pàá, òótọ́ ni. Nígbà tí ó kan olóṣèlú, òótọ́ ni. Nígbà tí ó kan ilé wọn, ó wá di àsọdùn!

Onílùú bínú

Yorùbá ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ohun tó ń dun àwọn aláṣẹ Baltimore nìyẹn. Lójú tiwọn, Simon ti ta ìlú wọn lọ́pọ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2011, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Frederick Bealefeld, sọ ní gbangba pé eré náà ba ìlú náà lórúkọ jẹ́, àti pé ó máa pẹ́ kí àbàwọ́n ọ̀hún tó kúrò. Simon kọ̀wé fèsì. Ó ní The Wire kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àforíjì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ò fẹnu kò. William Julius Wilson, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Harvard, gbà pé eré náà ṣàlàyé òṣì inú ìlú ńlá lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ò lè gbà ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lọ́dún 2010. Elijah Anderson ti Yale, tí òun náà ti ṣèwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú, sọ fún akọ̀ròyìn The Atlantic lọ́dún 2008 pé ohun kan kù. Ó ní àwọn ọmọlúàbí ni eré náà yọ sílẹ̀. Wọ́n wà ní àwọn àdúgbò yẹn, wọ́n sì pọ̀.

Mo gbà pẹ̀lú Anderson ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti gbé ní Mushin tàbí Bẹẹrẹ rí mọ ohun tó ń sọ. Tí àlejò bá ya fíìmù àdúgbò rẹ, àwọn ọmọ tó ń fa igbó lábẹ́ afárá ló máa kọ́kọ́ yà. Ìyá oníjẹun tó ń fún wọn ní oúnjẹ àwìn kì í sí nínú àwòrán.

Àwa náà ńkọ́?

Kí ẹ má rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni mo ń bá wí. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ wo The Wire, mo rí orúkọ kan tó ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n: Gbenga Akinnagbe. Mo dá a dúró, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ọmọ wa wà ńbẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i. Òun ló ṣe Chris Partlow, ẹni tó ń pa èèyàn fún Marlo, tó ń kó òkú sínú ilé ahoro tó sì ń fi ìṣó kan pákó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò gbóhùn sókè rárá, kò sì sí ẹni tó dẹ́rù bani bíi tirẹ̀.

Ẹ wò ó, èèyàn ń kú nínú ilé ahoro, èmi ń yọ̀ pé orúkọ Yorùbá wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó kàn mí ni mo rí. Ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lòun náà rí: lámèyítọ́ rí iṣẹ́ ọnà, aláṣẹ rí orúkọ ìlú, ọ̀mọ̀wé rí ẹ̀kọ́, èmi rí Akinnagbe. Ta ló rí ẹni tí oògùn olóró ń jẹ run?

Bubbles

Nínú eré náà, Bubbles lorúkọ rẹ̀. Ó ń lo heroin, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri, ó ń ta àṣírí fún ọlọ́pàá kó lè rówó díẹ̀. Andre Royo ló ṣe é. Royo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn oníròyìn: lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń yàwòrán ní Baltimore, tó wọ aṣọ Bubbles, tí wọ́n ti kùn ún lójú, ẹnì kan ní ojú títì wò ó, àánú ṣe é, ó sì fi heroin lé e lọ́wọ́ pé kó gbà, ó nílò rẹ̀ ju òun lọ. Royo pe ìyẹn ní Oscar tí ojú títì fún òun. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ronú nípa ẹni tó fún un. Òun náà nílò rẹ̀, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó rò pé ìyà ń jẹ ju òun lọ. Kò sí lámèyítọ́ kan tó wo Bubbles pẹ̀lú irú ojú yẹn.

Ẹni tó ń ran Bubbles lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú eré náà ni Walon. Steve Earle ló ṣe é. Olórin ni Earle, heroin ti di bárakú fún òun náà rí kó tó bọ́.

Ní apá karùn-ún, Bubbles ti lé ní ọdún kan láìfọwọ́ kan oògùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbà á sílé, ṣùgbọ́n yàrá abẹ́ ilé ló ń gbé. Àbúrò rẹ̀ ti ilẹ̀kùn òkè torí ó ti jà á lólè rí. Akọ̀ròyìn kan wá kọ ìtàn rẹ̀, àmọ́ kò gbé e jáde títí tó fi kọ́kọ́ fún Bubbles kà, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ba Bubbles. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Níkẹyìn ó gbà. Ìgbà ìkẹyìn tí a rí i, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lókè, ó lọ jókòó ti àbúrò rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Nínú ẹ́písóòdù 60, ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti sunkún.

Michael

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bubbles làwọn èèyàn yìn jù. Omar ni. Omar Little ń gbé ìbọn ja àwọn oníṣòwò oògùn lólè. Tó bá yọ lókèèrè, àwọn ọmọdé á pariwo orúkọ rẹ̀, ìkóríta á tú ká. Lọ́dún 2008, nígbà tí Barack Obama ń du ipò ààrẹ, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé The Wire ni eré tí òun fẹ́ràn jù, Omar sì ni òun fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Michael K. Williams ló ṣe Omar. Lọ́dún 2012 ni Williams jẹ́wọ́ fún akọ̀ròyìn kan ní New Jersey pé nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún Omar, kokéènì ti di bárakú fún òun. Ó ní nígbà tí òun pàdé Obama lọ́dún 2008, oògùn wà lójú òun débi pé agbára káká ni òun fi lè sọ̀rọ̀. Ẹ ronú sí i. Ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ń yin eré tó ń kìlọ̀ nípa oògùn olóró, ẹni tó ṣe eré náà dúró níwájú rẹ̀, oògùn náà ń jẹ ẹ́ run. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Irvington ló ràn án lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó jáwọ́, ó tún padà, ó tún jáwọ́, kò sì fi pamọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Brooklyn. Ẹni ọdún 54 ni. Heroin tí wọ́n po fentanyl mọ́ ló pa á, pẹ̀lú kokéènì. Kíá ni ìyìn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé fi àwòrán Omar sí ojú ìwé wọn.

Wọ́n mú àwọn tó ta oògùn náà. Nígbà tí kóòtù fẹ́ dájọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 2023, bàbá arúgbó ẹni ọdún 71 tí oògùn ti di bárakú fún òun náà, David Simon kọ lẹ́tà sí adájọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣàánú bàbá náà. Ó ní Michael kì í di ẹ̀bi ohun tó ń ṣe é lé ẹlòmíì lórí, kò sì nígbàgbọ́ nínú kíkó èèyàn dà sẹ́wọ̀n. Adájọ́ fún bàbá náà ní oṣù 30.

Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn ni lámèyítọ́ tó jinlẹ̀ jù lórí The Wire. Ẹni tó kọ eré náà ló kọ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú, síbẹ̀ ó wo ẹni tó ta ikú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí èèyàn. Simon ò sọ̀rọ̀ nípa iná, kò sọ̀rọ̀ nípa ohùn. Ó dáhùn ìbéèrè ọmọkùnrin ìdí búrẹ́dì.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èmi ya fíìmù ẹni tó ń jẹ kòkòrò, mo gba A, mo sì sùn dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ní ó ti wà ní Ṣágámù, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, pé ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo pè é, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ ò tètè jáde lẹ́nu mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíìmù yẹn, ṣé ẹ ṣì ní i? Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò wò ó rí."

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tí a bá gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ètò yìí, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́. Bí oògùn olóró bá sì ti ń yọ ìwọ tàbí ará ilé rẹ lẹ́nu, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta àti èyí tó wà ní Yábàá ní Èkó. Ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kí ẹ sọ èrò yín.